Ẹbùn Àfọwọ́ṣe fún Òbí ní Èjìgbò

Ẹbùn àfọwọ́ṣe fún òbí ni ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó sì gbé fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀ láti fi dúpẹ́ ìtọ́jú. Ó lè jẹ́ oúnjẹ, ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ ọṣẹ, ó sì lè jẹ́ àpótí ìjókòó. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ẹbùn tí a rà lọ́jà ni pé ẹni tó gbé e wá ló jókòó tì í títí tó fi parí. Ní Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bíi Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Màsífà àti Ọlá, irú ẹbùn yìí kì í ṣe àṣà tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí a fi sílẹ̀ fún ọmọdé. Àgbàlagbà tó ti ní ọmọ ọmọ a máa ṣe é fún ìyá rẹ̀ tó ṣì wà láyé.

Ọ̀wọ̀ tí Yorùbá ní fún àkọ́ṣe ni gbòǹgbò rẹ̀. Iṣu tí àgbẹ̀ kọ́kọ́ wà nínú oko tí òun fúnra rẹ̀ dá, owó oṣù tí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ gbà, aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kọ́kọ́ rán tó ṣe é wọ̀ jáde: ọ̀dọ̀ òbí ni ìwọ̀nyí ti ń kọ́kọ́ dé. Kì í ṣe pé òbí ṣaláìní ju ẹlòmíràn lọ. Àdúrà ni ọmọ ń wá. Ìgbàgbọ́ ni pé bí òbí bá ti fi ẹnu rẹ̀ súre sí iṣẹ́ ọwọ́ náà, iṣẹ́ ọ̀hún yóò gbè é. Ìdí nìyí tí ọmọ iṣẹ́ káfíńtà tó ń múra àtigba fíríìdọ̀mù fi lè ṣa àjákù pákó lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, kó kan àpótí ìdáná kan fún ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ àpótí náà kan lè kúrú ju ìyókù lọ. Ìyá kò ní torí ìyẹn gbé e sọnù. Á wá òkúta pẹlẹbẹ ti ẹsẹ̀ náà, á sì máa fi í han àlejò.

Àwọn ènìyàn sábà ń pa òwe òkété tó dàgbà tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ojúṣe ló ń sọ. Owó oúnjẹ àti owó oògùn jẹ́ gbèsè tí ọmọ ń san. Bí kò bá san án, ẹbí á pè é jókòó. Kò sí ẹni tó máa pe ọmọ jókòó pé kí ló dé tí kò se ọṣẹ fún ìyá rẹ̀. Nítorí pé kò pọn dandan gan-an ni òbí fi ń kà á sí, ìdí kan náà sì ni kò fi lè rọ́pò owó oògùn. Ọmọ tó bá gbé iyán lọ́wọ́, tó sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa jẹ gbèsè lọ́dọ̀ olóògùn, kò tíì dúpẹ́.

Ní Èjìgbò, ìlú Àbíjàn ní Côte d'Ivoire ló mú kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ lójú. Láti ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ọmọ ìlú yìí ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé wọ́n pọ̀ gan-an láàrin àwọn Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀. Ọkọ̀ ń gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá lọ síbẹ̀, ó sì ń padà wá. Èdè Faransé kì í ṣe àjèjì lẹ́nu àwọn ará ìlú, owó sẹfà náà kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ wọn. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, owó àti ànkárá ni òbí ń rí gbà jù lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń súre. Síbẹ̀, ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin ní Àbíjàn lè ní àpótí aṣọ tó kún dẹ́nu fún ànkárá tí kò tíì rán. Ọmọ karùn-ún tó wálé ọdún, tó fi ọjọ́ mẹ́ta nínú ìsinmi rẹ̀ dáná ọṣẹ ní ẹ̀yìnkùlé, ti fún un ní ohun tí kò sí nínú àpótí yẹn.

Kí ọmọ tó dáwọ́ lé ohunkóhun, ó ní láti mọ ohun tí òbí rẹ̀ ń fẹ́. Ìbéèrè tààrà kì í sábà mú èsì wá. Bí a bá bi ìyá àgbà pé kí ló fẹ́, á ní kò sí nǹkankan, kí Ọlọ́run ṣáà dá ẹ̀mí àwọn ọmọ sí. Ẹni tó ń bá a gbé ló yẹ kí a bi: àbúrò tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tàbí ọmọ ọmọ tó ń pọn omi ìwẹ̀ fún un. Àwọn ni wọ́n mọ̀ pé ara rẹ̀ máa ń yún un lásìkò ọyẹ́, pé eyín kò jẹ́ kó lè jẹ àgbàdo yíyan mọ́, tàbí pé àpótí tó fi ń dáná ti lọ sílẹ̀ jù fún orúnkún rẹ̀. Níbi irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ ni ẹbùn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fún àgbàlagbà, kò sí ẹbùn àfọwọ́ṣe tó dà bí ọṣẹ dúdú tí a fi òrí sí. Awọ ara àgbà gbẹ, ọyẹ́ sì ń mú un le sí i. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ orí àtẹ a sì máa bó ìwọ̀nba òróró tó kù lára. Ọṣẹ dúdú tún mọ́ ìyá lára fún ìdí mìíràn: òun ni ọ̀pọ̀ ìyá fi wẹ ọmọ wọn ní kékeré kí wọ́n tó fi àdín pa á lára. Yàtọ̀ sí òrí, ohun tó wọ inú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ìyẹn eérú, omi àti òróró. Bí wọ́n ṣe ń di ọṣẹ ló gba sùúrù.

Láti ara eérú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe eérú igi ìdáná lásán ló dára jù, bí kò ṣe ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, èèpo kòkó, àti ìdì ẹyìn tí a ti ṣa ẹyìn rẹ̀ kúrò. Àwọn wọ̀nyí ní èròjà potásíọ̀mù púpọ̀, òun ló sì ń sọ òróró di ọṣẹ. A ó sá wọn sóòrùn títí wọn yóò fi gbẹ tí wọ́n á máa dún pẹ́pẹ́ lọ́wọ́, a ó sì sun wọ́n lórí páànù tàbí nínú ìkòkò irin, kí iyanrìn má bàa dà pọ̀ mọ́ eérú. Àpò èèpo gbígbẹ kan kì í fúnni ju ìwọ̀nba abọ́ eérú díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ se ọṣẹ fún Kérésì ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèpo jọ láti oṣù kẹwàá, ìgbà tí òjò kò tíì lọ tán. Òjò yìí sì ni ọ̀tá eérú. Bí ó bá pa á, omi á fọ èròjà náà lọ, eérú tó kù kò sì ní wúlò fún ọṣẹ mọ́.

A ó jọ eérú, a ó dà á sínú àjẹ̀rẹ̀ tí a ti tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí aṣọ mímọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀, a ó sì máa bu omi lé e díẹ̀díẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ kán ló le jù, àwọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n bíi tíì. Tí omi bá ń mọ́ sí i, agbára ń lọ nìyẹn. Àwọn àgbà máa ń fi orí ahọ́n tọ́ ọ wò, ìwà tí kò yẹ kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà dán wò rárá. Ọ̀nà tó dára jù ni kí a fi ẹyin adìyẹ tútù sínú rẹ̀: bí ẹyin bá rì, omi náà kò tíì le tó, kí a gbé e kaná kó fà díẹ̀, bí ó bá léfòó tí orí rẹ̀ yọ díẹ̀, ó tó. Omi eérú a máa jó awọ, a sì máa ba ojú jẹ́, nítorí náà kí ọmọdé má sí nítòsí, kí garawa omi mímọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó lè yára fi ṣan ara bí ó bá ta sí i. Ìkòkò alumíníọ̀mù kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, torí omi eérú a máa jẹ ẹ́. Ìkòkò irin dúdú tàbí ìkòkò amọ̀ ló yẹ.

Òróró tí ó dára jù fún un ni àdín tí a yọ lára èkùrọ́. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú àdín jẹ́ irú tó ń mú kí ọṣẹ hó dáadáa. Àwọn kan ń pa á pọ̀ mọ́ epo pupa kí ó má bàa gbẹ ara jù, èyí sì tọ́ fún àgbà. A ó gbé òróró kaná títí yóò fi gbóná níwọ̀nba, a ó wá máa da omi eérú sí i díẹ̀díẹ̀, a ó máa fi ọmọrogùn rò ó láìdúró. Kò sí òṣùwọ̀n kan pàtó tí a lè kọ sílẹ̀ fún bí omi eérú yóò ṣe pọ̀ tó, torí agbára eérú kan kò dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Ojú ni alásè fi ń wọ̀n ọ́n. Bí òróró bá ṣì ń léfòó sókè, omi eérú kò tíì tó. Bí àpòpọ̀ náà bá ki, tó ń fà, tí kò sì sí òróró lójú rẹ̀ mọ́, ó ti ń di ọṣẹ. Á máa wú nínú ìkòkò, torí náà kí ìkòkò má kún kọjá ìdajì níbẹ̀rẹ̀. Ó gba wákàtí mélòó kan lórí iná tí kò le jù, ọwọ́ á sì dun ẹni tó ń rò ó. Níbí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹbùn tí ọmọ ìyá mẹ́ta jùmọ̀ rò dùn mọ́ ìyá nínú ju èyí tí ẹnì kan dá ṣe lọ.

Nígbà tí omi eérú àti òróró bá pàdé, òróró ń pín sí méjì: apá kan di ọṣẹ, ìkejì sì jẹ́ gílísáríìnì, ohun tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ awọ ara. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ títà nílé iṣẹ́ ńlá sábà ń yọ gílísáríìnì yìí kúrò láti tà á lọ́tọ̀. Nínú ọṣẹ dúdú, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìdí kan nìyẹn tí kì í fi í há mọ́ni lára. Ìdí tó sì fi rọ̀, tí kì í le bí ọṣẹ ìfọṣọ, ni pé potásíọ̀mù ni a fi ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé sódíọ̀mù ni a fi ń ṣe ọṣẹ líle.

A ó sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó tutù di ìlọ́wọ́wọ́ kí a tó fi òrí sí i, torí pé a fẹ́ kí òrí wà nínú ọṣẹ gẹ́gẹ́ bí òrí, kí omi eérú má tún sọ ọ́ di ọṣẹ. Ṣíbí ìjẹun méjì tó fún kìlógíráàmù ọṣẹ kan. Igi òrí, tí àwọn kan ń pè ní ẹmi, fẹ́ràn ilẹ̀ ọ̀dàn ju igbó lọ, nítorí náà òrí tí ń dé ọjà Èjìgbò sábà ń ti apá àríwá wá, láti ìhà Ṣakí àti Kìṣí. Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí Èjìgbò, jẹ́ ibi tí a ti lè rí ojúlówó rẹ̀ rà. Àwọn kan ń fi oyin tàbí ìyẹ̀fun osùn sí i. Oyin kò burú. Osùn dára fún awọ, àmọ́ yóò sọ tówẹ́ẹ̀lì àti aṣọ funfun di pupa, ìyá tó fẹ́ràn aṣọ funfun kò sì ní dúpẹ́ rẹ̀ lọ títí.

Lẹ́yìn náà, a ó po ọṣẹ náà lọ́wọ́, a ó bù ú sí ìṣù-ìṣù, a ó sì fi í sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ni yóò kọ́kọ́ fi wẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó gbé e fún òbí. Bí ó bá ta á lára, omi eérú pọ̀ jù nínú rẹ̀. A ó dá a padà síná, a ó sì fi òróró díẹ̀ kún un. A lè fi ewé gbòdògì wé e tàbí kí a kó o sínú ìkòkò kékeré tó ní ìdérí. Níwọ̀n bí ọṣẹ dúdú ti máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sára, èyí tí a kò bò á rọ̀, á sì máa ṣàn.

Oúnjẹ ni ẹbùn tó tún wọ́pọ̀ lẹ́yìn ọṣẹ, iyán sì ni olórí rẹ̀ ní ìlú yìí. Èjìgbò ni ìlú Òrìṣà Ògìyán, òrìṣà tí a mọ̀ mọ́ iyán débi pé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní Bàhíà lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, tí wọ́n ń pè é ní Oxaguiã, ní ọdún tí wọ́n fi odó sọ lórúkọ títí dòní. Ọba ìlú náà ń jẹ́ Ògìyán, wọ́n sì tún ń pè é ní Eléjìgbò. Ní irú ibẹ̀, kò sí ẹni tó nílò àlàyé lórí ohun tí iyán tí ọmọ fọwọ́ gún túmọ̀ sí. Ọmọ tó jẹ́ àgbẹ̀ ń mú iṣu láti oko ara rẹ̀. Ọmọ tí kì í ṣe àgbẹ̀ ń rà á, àmọ́ òun ni yóò bẹ ẹ́, òun ni yóò sè é, òun náà ni yóò di ọmọ odó mú. Iyán iṣu tuntun kì í le bí ti iṣu tó ti sinmi nínú abà, nítorí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣu tuntun ni ọmọ fẹ́ fi dúpẹ́, ó lè sè é jẹ lásán pẹ̀lú epo, kí ó sì fi iṣu ọdún tó kọjá gún iyán. Fún òbí tó ní àtọ̀gbẹ, òkèlè kékeré pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ púpọ̀ ló yẹ, kì í ṣe iyán tó ga nínú abọ́ nítorí àpọ́nlé.

Òbí tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Àbíjàn tó sì ti padà sílé lè máa fẹ́ oúnjẹ ibẹ̀ ju iyán lọ. Attiéké ni èyí tó sábà máa ń wù wọ́n. Gbágùúdá náà ni, ọ̀nà tí a gbà ṣe é ló yàtọ̀ sí ti gààrì. A ó bó o, a ó rin ín pẹ̀lú ègé gbágùúdá tí a ti tọ́jú títí ó fi kan, a ó fi í sílẹ̀ mọ́jú, a ó fún omi rẹ̀ dànù. Gààrì ni à bá yan lórí agbada láti ibẹ̀. Ti attiéké, ṣe ni a ó fi ọwọ́ sẹ́ ẹ títí yóò fi di horo wẹ́wẹ́, a ó sá a díẹ̀, a ó sì fi ooru omi sè é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni àjọ UNESCO kọ ìmọ̀ ṣíṣe rẹ̀ ní Côte d'Ivoire sínú àkójọ àwọn àṣà àjogúnbá aráyé. Gbágùúdá pọ̀ ní agbègbè Èjìgbò, nítorí náà ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ yìí ní Àbíjàn lè ṣe é nílé fún bàbá rẹ̀ láìkó nǹkankan kọjá bodè. Ẹja yíyan àti àlùbọ́sà gígé ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Bàbá tó bá rí i lójijì lórí tábìlì rẹ̀ ní Èjìgbò lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ Faransé.

Aṣọ kò gba àlàyé púpọ̀. Ọmọ tó mọ télọ̀ ló lè rán bùbá àti ìró tó wọ ìyá rẹ̀ dọ́gba, torí ara tó ti tẹ̀ díẹ̀ kì í bá aṣọ rírà lọ́jà mu. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rán lè kọ́ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe fìlà fún bàbá. Nínú gbogbo ànkárá tí kò tíì rán tó wà nínú àpótí ìyá, ó dára kí a mú ọ̀kan níbẹ̀ rán ju kí a tún ra òmíràn kún un.

Bí a ṣe ń gbé ẹbùn kalẹ̀ ṣe pàtàkì tó bí a ṣe ṣe é. Ọjọ́ Iléyá, Kérésì, tàbí ọjọ́ ìsinmi àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì dára, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ lásán tí òbí kò retí ohunkóhun dára jù. Ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni wọn á sì fi gbé e. Ọ̀rọ̀ kò ní pọ̀: «Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú ìtọ́jú wa láti kékeré. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ẹ bá mi gbà á.» A kò gbọdọ̀ fo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, torí ibẹ̀ ni òbí á ti mọ̀ pé kì í ṣe ọjà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á dákẹ́, á sì dúró nílẹ̀ gba àdúrà: pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní dilẹ̀, pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò gbè é, pé òun náà yóò jèrè ọmọ. Àṣẹ tàbí àmín ni ìdáhùn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ilé bá ṣe rí. Ẹni tó bá dìde kí àdúrà tó parí torí pé fóònù ń dún ti ba iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ jẹ́.

Nínú ilé tí ìyàwó ti ju ẹyọ kan lọ, ìyálé gbọ́dọ̀ rí tirẹ̀ gbà kí ìyá ọmọ tó tú tirẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ ìṣù ọṣẹ kan péré. Bàbá náà kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti gbà, ìyá fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Á gé ọṣẹ fún aládùúgbò, á gé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́, á fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Ìwó tàbí Ẹdẹ, á sì máa sọ fún olúkúlùkù pé ọmọ òun ló sè é. Kí ọmọ má ṣe bínú sí i, kí ó má sì sọ pé ìyá ti ná ẹbùn náà tán. Ìkòkò tó gba ìlọ́po méjì ohun tí ìyá nílò ni àwọn tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ máa ń gbé kaná.